Ọrùn Ọwọ́ Ẹni Tó Ń Fi Máòsì Jẹun

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí máòsì ń fi ojú ọwọ́ rí, kí ó lọ jókòó ti ayàwòrán nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Arákalẹ̀ ní Àkúrẹ́, lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ òkú wá. Ká ní màmá kan ni olóògbé, ẹbí rẹ̀ kì í sábà ní àwòrán tí màmá dá yà. Èyí tó mọ́lẹ̀ jù lọ́wọ́ wọn ni èyí tí màmá yà níbi ìgbéyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀, tí ènìyàn mẹ́rin fún mọ́ ọn, tí gèlè rẹ̀ sì bo etí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí àwòrán náà tó lè dé orí pósítà, ayàwòrán gbọ́dọ̀ yọ màmá jáde láàárín wọn. Inú CorelDRAW ló ti máa ṣe é. Yóò fa àwòrán mọ́ra títí etí gèlè yóò fi kún ojú kọ̀ǹpútà, yóò tẹ máòsì lẹ́ẹ̀kan, yóò sún un díẹ̀, yóò tún tẹ̀ ẹ́, yóò di bọ́tìnnì mú kí ó lè tẹ ìlà kọrọdọ bá ìṣẹ́po gèlè mu, yóò jù ú sílẹ̀, yóò tún sún. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe yí gèlè po, tí yóò sọ̀kalẹ̀ sí yẹtí, sí ọrùn, sí ìbọ́rùn tó wà léjìká. Kò gbọdọ̀ gé wọ inú gèlè, nítorí àkọ́bí olóògbé ti dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò ó.

Ẹ fi àwòrán sílẹ̀, ọwọ́ ni kí ẹ wò. Etí tábìlì ń gún ọrùn ọwọ́ nísàlẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọwọ́ ti tẹ̀ sókè kí àtẹ́lẹwọ́ lè dé orí máòsì. Ìka ìlábẹ̀ gbéra díẹ̀ kúrò lórí bọ́tìnnì. Kò bà lé e, kò sì sinmi, nítorí tó bá bà lé e, ó lè tẹ ohun tí kò yẹ. Ọmọńdinrín ń wọ́ tẹ̀lé máòsì lórí pátákó. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ayàwòrán á na ọwọ́ náà, á gbọ̀n ọ́n, á fi àtàǹpàkò òsì tẹ inú ọrùn ọwọ́ ọ̀tún. Kó tó tẹ̀ ẹ́ tán, oníbàárà míì ti ń béèrè iye tí wọ́n ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó.

Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó wà ní ẹnu ọ̀nà FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ní North Gate àti South Gate, níbi tí wọ́n ti ń tẹ pírójẹ́ẹ̀tì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọjọ́ ti pé lọ́rùn wọn. Ó wà ní Alágbàká láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó wà ní ìlú Oǹdó, lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ Adéyẹmí tó ti di yunifásítì, àti ní àwọn sẹ́ńtà tó ń fi orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB nígbà tí àkókò rẹ̀ bá dé. Tí ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n, làkúrègbé ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Wọ́n á fi Robb pa á, wọ́n á fi òrí wọ́ ọ, wọ́n á gbé pańádọ́ọ̀lù mì. Tó bá wá di òru, tí ìka kú tí ó sì ń ta wọ́n, àwọn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọ̀rọ̀ àwọn ayé, ṣùgbọ́n kí a tó dá wọn lẹ́bi, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí ọwọ́ náà ti ń ṣe láti àárọ̀.

Eegun wẹ́wẹ́ mẹ́jọ ló tò sí ọrùn ọwọ́ ní ẹsẹ̀ méjì. Wọ́n tẹ̀ kọrọdọ, awọ líle kan sì nà kọjá lórí wọn níhà àtẹ́lẹwọ́. Àlàfo tó kù láàárín eegun àti awọ náà ni ọ̀nà tóóró tí okùn iṣan mẹ́sàn-án ń gbà lọ bá àwọn ìka: méjì-méjì fún ìka mẹ́rin, ẹyọ kan fún àtàǹpàkò. Àárín wọn ni iṣan ìmọ̀lára kan ń gbà pẹ̀lú, òun ló ń jẹ́ kí àtàǹpàkò, ìlábẹ̀, ìka àárín àti ìdajì ìka tí à ń fi òrùka sí mọ ohun tí wọ́n fọwọ́ kàn. Eegun kò lè fẹ̀, awọ líle náà kì í fà. Nítorí náà, nígbà tí ohun tó wà nínú ọ̀nà yẹn bá wú, tàbí tí ọrùn ọwọ́ bá tẹ̀ jù tó sì dín àyè ibẹ̀ kù, iṣan ìmọ̀lára ni ìyà ń jẹ. Ìdí nìyí tí ìka mẹ́ta àti ààbọ̀ fi ń kú, tí ọmọńdinrín kì í sì í bá wọn kú, nítorí iṣan tirẹ̀ kò gba ibẹ̀ kọjá. Tí ó bá jẹ́ ọmọńdinrín gan-an ló ń kú, kí wọ́n yẹ ìgúnpá àti ọrùn wò.

Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ríro ló jẹ́ ti ọ̀nà tóóró yìí o. Èyí tó pọ̀ jù nídìí kọ̀ǹpútà ni ti ẹran apá tó ti rẹ̀, láti ẹ̀yìn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ẹran ara tí a bá mú le fún wákàtí pípẹ́, bí ohun tó gbé kò tilẹ̀ wúwo, kì í rí ẹ̀jẹ̀ tó láti fi sinmi. Ìka ìlábẹ̀ tó gbéra lórí bọ́tìnnì láì tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín sọ̀ sílẹ̀ lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, kí ẹ wá wò ó. Àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí itan. Ibẹ̀ ló ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Eegun méjì ló ti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, tí ọwọ́ bá sì wà báyìí, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n dúró sí. Àmọ́ tí a bá da àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀ láti gbé e lé máòsì pẹlẹbẹ, ọ̀kan nínú eegun méjèèjì á lọ́ kọjá lórí èkejì, àwọn iṣan tó lọ́ ọ kò sì ní jù ú sílẹ̀ títí a ó fi gbé ọwọ́ kúrò. Kíbọ́ọ̀dù tún wá dá kún un. Kíbọ́ọ̀dù gígùn tó ní nọ́ńbà lápá ọ̀tún á ti máòsì lọ sí òkèèrè, èjìká á ṣí, ọwọ́ á sì máa ya sí ìhà ọmọńdinrín kí ó tó lè dé ibi tí máòsì wà. Akọ̀wé owó nílò nọ́ńbà wọ̀nyẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ìpè àti pósítà, èkukáká ni ẹnikẹ́ni fi ń fọwọ́ kàn wọ́n láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹni tó ṣe máòsì àkọ́kọ́ kò ro irú ọjọ́ iṣẹ́ tiwa yìí. Douglas Engelbart ní Stanford Research Institute ní Amẹ́ríkà ló ní èrò rẹ̀, Bill English sì bá a ṣe é ní 1964: àpótí igi kékeré tó ní táyà méjì nísàlẹ̀ àti bọ́tìnnì kan lókè. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá, 1968, Engelbart fi han àwọn ènìyàn ní San Francisco. Àpótí ni, nítorí náà orí rẹ̀ tẹ́jú, ọwọ́ sì ń dojú bolẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, wọ́n ti yọ táyà, wọ́n ti fi bọ́ọ̀lù sí i, wọ́n ti yọ bọ́ọ̀lù, wọ́n ti fi iná sí i, wọ́n ti gé wáyà rẹ̀. Ọwọ́ ṣì ń dojú bolẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìrora ọwọ́ akọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ní 1713, Bernardino Ramazzini, oníṣègùn ará Ítálì, ti kọ̀wé nípa àwọn akọ̀wé tí ìjókòó pípẹ́ àti ọwọ́ tí kì í dáwọ́ dúró ń bà jẹ́. Gègé ìkọ̀wé ni tìgbà náà.

Irú máòsì méjì ló gbìyànjú láti yí èyí padà. Àkọ́kọ́ ni máòsì onídùúró (vertical mouse); ohun tó ṣe ni pé ó gbé ẹ̀gbẹ́ sókè. Ọwọ́ á bà lé e bí ìgbà tí a bá na ọwọ́ láti bọ ẹnìkan lọ́wọ́: àtàǹpàkò lápá kan, ìka mẹ́rin lápá kejì, ìhà ọmọńdinrín lórí tábìlì. Ilé iṣẹ́ Evoluent wà lára àwọn tó tètè tà á káàkiri, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 síwájú. Ilé iṣẹ́ Logitech gbé MX Vertical tirẹ̀ jáde ní 2018, ó sì dá ọwọ́ sí ìwọ̀n dígírì 57 láti ilẹ̀, kò gbé e dúró ṣánṣán. Èyí bọ́gbọ́n mu, nítorí ọwọ́ tó dúró ṣánṣán pátápátá kì í rọrùn láti fi ṣe iṣẹ́ wẹ́wẹ́. Nígbà tí ọwọ́ bá wà bẹ́ẹ̀, eegun apá méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ lọ́ mọ́ra mọ́, ọrùn ọwọ́ kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ máa lọ síbí lọ sọ́hùn-ún mọ́. Láti ìgúnpá ni ènìyàn á ti máa sún máòsì, pẹ̀lú ẹran tó tóbi tó sì lágbára jù.

Irú kejì ni máòsì oníbọ́ọ̀lù, tí a kì í sún rárá. Ó jókòó sójú kan, àtàǹpàkò tàbí ìka á máa yí bọ́ọ̀lù tó wà lórí rẹ̀. Òun gan-an ló ṣáájú máòsì dáyé: àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ ogun ojú omi Kánádà ti fi bọ́ọ̀lù eré bowling ṣe é ní 1952. Ó dára fún tábìlì tí kò ní àyè, irú èyí tí ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ ẹ̀dà àti ìwé oníbàárà ti gbà tán. Àléébù rẹ̀ ni pé èyí tí àtàǹpàkò ń yí máa ń dá àtàǹpàkò lágara. Tí ọyẹ́ bá sì dé, eruku á kó sábẹ́ bọ́ọ̀lù, ọfà orí kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ẹ yọ bọ́ọ̀lù náà jáde, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu àwọn ibi kéékèèké tó dúró lé, ẹ dá a padà.

Kí n má tàn yín jẹ: máòsì kì í ṣe oògùn. Ní 2015, àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí ọ̀nà tóóró ọrùn ọwọ́ wọn ti ń fún iṣan mọ́lẹ̀. Wọ́n rí i pé máòsì onídùúró dín bí ọwọ́ ṣe ń ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ kù, ṣùgbọ́n ìfúnpá tó wà nínú ọ̀nà náà kò dín kù. Ṣáájú ìyẹn, ní 2003, ìwádìí ńlá kan láti Dẹ́nmáàkì fi hàn pé àwọn tó ń di máòsì mú ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ ni ìka kíkú náà máa ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn ju àwọn yòókù, síbẹ̀ àwọn olùwádìí náà kò pe kọ̀ǹpútà ní ewu ńlá fún àrùn yìí. Ohun tí èmi mú nínú méjèèjì ni pé wákàtí ni ọ̀gá. Máòsì tó dára á mú kí apá má tètè rẹ̀, ọwọ́ tó ti bàjẹ́ kò sì ní tìtorí rẹ̀ sàn. Ẹni tó bá rà á tán tó sì padà jókòó bó ṣe ń jókòó tẹ́lẹ̀, owó rẹ̀ ló jó.

Orí àga àti tábìlì ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìgúnpá yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, kí ó tẹ̀ dáadáa, kí apá sì lọ gbọọrọ sórí tábìlì láì gun òkè. Tábìlì àwọn káfíńtà wa sábà máa ń ga jù fún èyí, àga oníke tí wọ́n ń jókòó lé sì kúrú. Tìmùtìmù líle lórí àga ló máa ń yanjú rẹ̀, pẹ̀lú àpótí kékeré lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ẹsẹ̀ kò bá tólẹ̀ mọ́. Etí tábìlì tó mú, ẹ fi aṣọ tàbí fóòmù pẹlẹbẹ wé e. Ẹ fa máòsì súnmọ́ kíbọ́ọ̀dù bí ó ti ṣeé ṣe tó. Bí nọ́ńbà apá ọ̀tún kò bá wúlò fún yín, ẹ ti kíbọ́ọ̀dù sí òsì kí máòsì lè bọ́ síwájú èjìká. Ẹ wọ ibi ìtòlẹ́sẹẹsẹ máòsì nínú Windows, kí ẹ fi kún ìyára ọfà, kí ọwọ́ má bàa máa rin ìrìn àjò kí ó tó dé igun kejì.

Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ á bí yín nínú. Bọ́tìnnì máòsì onídùúró wà ní ẹ̀gbẹ́, nítorí náà títẹ̀ ẹ́ máa ń ti gbogbo máòsì kúrò lójú ibi tí a fẹ́; àtàǹpàkò ló gbọ́dọ̀ kọ́ bí yóò ṣe dì í mú láìfún un. Ẹ máa fi ṣe iṣẹ́ tó rọrùn: kíka ìwé, ṣíṣí fáìlì, yíyí ojú ewé. Etí gèlè màmá yẹn, ẹ ṣì lè fi máòsì àtijọ́ gé e ní tiyín, kò sí òfin tó ní kí méjèèjì má wà lórí tábìlì kan. Kódà pípààrọ̀ wọn gan-an wúlò, nítorí iṣan tí ọ̀kan ń lò kọ́ ni èkejì ń lò jù.

Ọwọ́ òsì náà wà níbẹ̀ o. Kò sí àgbà nínú kọ̀ǹpútà tí yóò ní ẹ fi ọwọ́ àlàáfíà sílẹ̀. Máòsì pẹlẹbẹ tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ rí bákan náà ni kí ẹ fi síbẹ̀ fún iṣẹ́ kékeré, nítorí máòsì onídùúró tí wọ́n ṣe fún ọ̀tún kò ṣeé dì mú lósì rárá. Ẹ sì jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù gba iṣẹ́ kan lọ́wọ́ máòsì. Ayàwòrán tó ń lọ wá irinṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ǹpútà nígbà gbogbo kò mọ̀ pé nínú CorelDRAW, F10 ló ń mú irinṣẹ́ àtúnṣe ìlà wá, F4 ló ń fi gbogbo iṣẹ́ hàn lẹ́ẹ̀kan náà, Ctrl àti D ló sì ń ṣe ẹ̀dà ohun tí a bá mú. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀, èyí nìkan á dín títẹ̀ máòsì kù gidigidi.

Ní ti ríra rẹ̀, ìka kò dọ́gba, ọwọ́ pàápàá kò dọ́gba. Ẹ má ra máòsì onídùúró láì tíì fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ lé e, kí ìka dé bọ́tìnnì láìnà, kí ọmọńdinrín má sì máa wọ́ nílẹ̀. Máòsì ńlá lọ́wọ́ ọmọbìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kéré, ìyà mìíràn ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tẹ̀wé ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó obìnrin ni. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí ènìyàn mẹ́ta ti ń pín kọ̀ǹpútà kan lò, kí oníkálukú ní tirẹ̀. Fífà á yọ àti fífi òmíràn sí i kò gba ìṣẹ́jú kan. Èyí tí kò ní wáyà rọrùn, àmọ́ ohun kékeré tí wọ́n ń kì bọ ojú USB máa ń tètè sọnù, ọ̀pọ̀ máòsì ni kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́ láìsí i. Bí tábìlì bá jẹ́ ti gíláàsì, iná abẹ́ máòsì kò ní ríran dáadáa, ẹ tẹ́ páálí kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá sábẹ́ rẹ̀.

Ìsinmi ni mo fẹ́ kí a jókòó tì díẹ̀, nítorí ìṣòro tiwa yàtọ̀ sí ti ọ́fíìsì òyìnbó. Ìwé ìmọ̀ràn tó ń wá láti òkèèrè á ní kí òṣìṣẹ́ dìde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí. Ó dára. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù wa, iná ló ń pàṣẹ. Bí NÉPÀ bá mú un lọ láàárọ̀, gbogbo ènìyàn á jókòó, wọ́n á máa ṣeré. Bó bá dé ní ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ tó yẹ kó gba ọjọ́ kan á di ti wákàtí mẹ́ta, kò sẹ́ni tó ń dìde, kò sẹ́ni tó ń mumi, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí iná tún máa lọ. Tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀, owó epo náà á tún máa lé wọn. Ọwọ́ tó sinmi láàárọ̀ kò fi ìsinmi náà pamọ́ de ìrọ̀lẹ́. Àárín iṣẹ́ gan-an ló ti nílò rẹ̀, ìgbà díẹ̀-díẹ̀. Àyè rẹ̀ sì wà láìná owó kankan: nígbà tí ìtẹ̀wé bá ń tu ìwé jáde, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń fà, nígbà tí oníbàárà bá ń ka iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì lásìkò náà, ẹ jẹ́ kí ó sọ̀, ẹ ṣí ìka, ẹ pa á dé. Ọ̀pọ̀ wa ni ọwọ́ wa máa ń wà lórí máòsì nígbà tí a kò ní nǹkan kan tí à ń fi ṣe.

Àmì kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi Robb bò mọ́lẹ̀. Bí ìka kíkú bá ń jí yín lóru tí ẹ fi ní láti gbọn ọwọ́ kí ó tó padà, bí ife bá ń bọ́ lọ́wọ́ yín, bí ẹran ìdí àtàǹpàkò bá ń fọn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti máòsì. Oyún, ìtọ̀ ṣúgà àti àìsàn ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid) tó ń mú ara wú tún lè fa irú rẹ̀, nítorí náà àyẹ̀wò dókítà ló máa fi òtítọ́ hàn. UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní Oǹdó ní 2015, ń kọ́ àwọn físíò (physiotherapist), ilé ìwòsàn rẹ̀ sì wà ní Oǹdó àti ní Àkúrẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn kò le: ìdè tí ń mú ọrùn ọwọ́ dúró gbọọrọ tí a bá ń sùn. Ẹni tó tètè lọ lè má nílò ju ìyẹn àti àtúnṣe ìjókòó lọ. Ẹni tó dúró títí ẹran ọwọ́ fi fọn, ó lè di iṣẹ́ abẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ní Arákalẹ̀, ní ẹnu ọ̀nà FUTA àti ní Oǹdó, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín ní ẹni tó ń tún un ṣe, jẹnẹrétọ̀ yín ní ọjọ́ tí ẹ ń pààrọ̀ epo rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jókòó sórí àga ọmọ tó ń bá yín tẹ̀wé, ẹ fi máòsì rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà kí ẹ pinnu ohun tí ẹ máa rà.